Ìṣẹ́gun Gbádébọ̀ Àlàó Lórí Àpótí Ẹja Orí Tábìlì

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ wú u tán báyìí, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè kì í ṣe èyí tí à ń da ikọ́ pọ̀ mọ́. Gbádébọ̀ Àlàó! Gbádébọ̀ ọmọ Oyèwùmí, ọmọ ọkùnrin tó fi okùn bàtà di rédíò tó fọ́ sí méjì, tí rédíò náà sì tún fi ọdún mẹ́sàn-án gbáko ka ìròyìn! Ọmọ-ọmọ Ládèjọ tó bá agbowó-orí jiyàn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí agbowó-orí fi tọrọ omi mu, tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, tí kò sì tún gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́ títí tó fi kú! Ọmọ obìnrin Ìsẹ́yìn tó fi ìgbálẹ̀ lé akọ màlúù jáde nínú oko ilá! Ìran tí kì í sá fógun ni wọ́n. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí i tí wọ́n ń sá, wọ́n á ní àwọn kàn ń yára ni.

Èmi Láoyè tí mò ń kì í yìí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tèmi àti tirẹ̀. Mo mọ ìgbà tó ń wẹ̀, mo mọ ìgbà tó ń bú ìyàwó rẹ̀, mo sì mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ń bú u padà, èyí tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde kó wá sọ ọ́ lójú mi. Kò sí? Ó dáa.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni akọni yìí fi lu òǹtẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gbàm, gbàm, gbàm, tí lẹ́tà ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni n ó sọ o, bí mo tilẹ̀ ń yìn ín: nǹkan ẹlẹ́mìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ Gbádébọ̀. Ó ra ajá kan, ajá náà wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kó lọ sí ojúlé kẹta sí wa, ibẹ̀ ló wà di òní, bí Gbádébọ̀ bá ń kọjá, ajá á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó sin adìẹ mẹ́fà, ó gbàgbé pé adìẹ ń mu omi. Èyí tó wá burú jù ni ti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó mú dání lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ ọmọ, ó dé ilé, ó jẹun, ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ kí ìyá ọmọ tó béèrè pé, “Ìbídùn dà?” Ìbídùn ti di nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn báyìí, ó ti ṣe ìyàwó, ó ti bímọ, kò sì gbàgbé.

Òun náà ló gbé ogun yìí wálé. Ọjọ́ Àìkú kan ló wọlé pẹ̀lú Móyọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjì, lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àpótí gíláàsì kékeré kan, tí kò ju búrẹ́dì ńlá méjì tí wọ́n tò ti ara wọn lọ, ka orí tábìlì ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. Ó ní wọ́n ń rán òun lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i l'Ábújá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ò sì lè mú Móyọ̀ dání.

“Mú un wá fún mi,” ni Gbádébọ̀ wí. “Ta ló tún wà?”

Ìbídùn wolẹ̀. “Ìyá ọkọ mi ní kí n mú un wá sí Ìlọrin. Màámi ń lọ sí ìsọ̀ òwú lójoojúmọ́, Dádì, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa wà nílé pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí.” Ó wá fọwọ́ kan àpótí náà. “Ẹ fúnra yín yan ẹja tó bá èyí mu. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí n lọ. Tí mo bá padà wá lọ́jọ́ náà tí mo bá ẹja tí ẹ yàn láàyè, ọ̀dọ̀ yín ni Móyọ̀ máa wà. Tí mi ò bá bá a, Ìlọrin náà ni o.”

Mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. “Ó dáa” nìkan ni akọni sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ tán ló ti dìde ogun. Adágún ẹja Múkáílà ló dorí kọ, nítorí Múkáílà ló ń ta àrọ̀ láàyè fún gbogbo àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni nínú wa tí wọ́n kọ́ láti yan ẹja lọ́nà mìíràn? Fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀. Ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, wò ó bóyá inú ẹ̀ pupa. Gbé e sókè, wò ó bóyá ó wúwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ Oyèwùmí ṣe: ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó tẹ̀, ó ṣí, ó gbé, ó sì yan ọba inú omi náà, àrọ̀ kan tó gùn láti ìgúnpá mi dé orí ìka, onírungbọ̀n yọ̀ọ̀, ẹlẹ́nu gbàgàdà, tó fi ìrù gbá Múkáílà létí kó tó gbà kí wọ́n mú òun. Gbádébọ̀ gbé e wọ àdúgbò tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tó dé inú àpótí, orí rẹ̀ kan gíláàsì lápá ọ̀tún, ìrù rẹ̀ kan gíláàsì lápá òsì. Kò lè yí padà. Ibi tó kọjú sí nígbà tí wọ́n gbé e sínú omi, ibẹ̀ náà ló kọjú sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní, “Gbádébọ̀, ṣé kò sí wàhálà?” Ó ní, “Ó ń ronú ni.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja ti ronú tán, ó ti fò bọ́ sílẹ̀. Ìyá Ìbídùn tó ń múra ìsọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ké tòò, ó sì wá ọ̀bẹ lọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti bu tèmi wá. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Ẹni tó bá rò pé ìyẹn á mú un padà sẹ́yìn, kò mọ ìdílé tí mò ń wí. Gbádébọ̀ wọ mọ́tò ó di Ìbàdàn, lọ́dọ̀ Ìyáàfin Ráfíátù, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń ta ẹja tí wọ́n ń sìn fún wíwò. Ó na ìka sí ẹja góòlù mẹ́ta, àwọn tó sanra jù, ó ní kò dáa kí àlejò máa dá gbé. Obìnrin náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Akọni fi ọwọ́ dá a dúró, ó ní, “Ìyáàfin, mo ti ń jẹ ẹja kí wọ́n tó bí yín.” Obìnrin náà pa ẹnu rẹ̀ dé, ó dì í fún un.

Áà, ẹja góòlù! Wọ́n ń dán, wọ́n ń ju ìdí, gbogbo ilé sì wá wò wọ́n. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti wọlé, ìwà ọmọlúwàbí ló sì mú un wọlé. Ẹ rò ó wò ná: o jókòó, o ń jẹun, ẹnìkan wà níwájú rẹ tó tẹjú mọ́ ọ, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tó tún ń là á. Ṣé wàá kàn máa jẹ lọ ni? Níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ? Alhaja Múínátù, ìyá onílé wa, kọ́kọ́ já àkàrà sí i, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa àwọn èèyàn wọ̀nyí.” Ìyàwó Pásítọ̀ tó wà ní yàrá kẹta rún búrẹ́dì sí i. Ẹnìkan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Ojú àánú ni mo fi ṣe é. Gbádébọ̀ sì wà níbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ta ló máa sọ fún ìyá onílé pé kó gba àkàrà rẹ̀ padà? Omi àpótí funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léfòó, wọ́n gbé ikùn sókè.

Lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún. Kì í ṣe ẹja ló ń sunkún fún, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní kó jẹ́ kí ọmọ máa lọ sí Ìlọrin, ó ní ìyá ọkọ Ìbídùn kì í ṣèèyàn burúkú. Gbádébọ̀ ní, “Mo mọ̀. Àmọ́ bàbá Ìbídùn ni mí.” Mo fi mọ́ínmọ́ín tó kù lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Kò wù mí jẹ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Nígbà náà ni ọmọ Oyèwùmí ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ìdílé rẹ̀, ohun tó le ju kí wọ́n lé màlúù lọ: ó padà sọ́dọ̀ Ìyáàfin Ráfíátù, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ mi.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Ẹ kọ́kọ́ sọ bí àpótí yín ṣe tó fún mi,” ló wí. Akọni fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n fún un lórí tábìlì. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Nínú èyí lẹ kó góòlù mẹ́ta sí? Bàbá, ẹ má fi ojú ẹni tó fẹ́ sebẹ̀ wo ẹja mọ́. Ẹja kékeré kan ṣoṣo ni tiyín. Bẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Kò fẹ́ ẹnìkejì, bí ẹ bá mú akọ mìíràn tì í, wọ́n á pa ara wọn. Kò fẹ́ òtútù. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sùn nínú garawa kí ẹ tó bù ú fún un. Hóró oúnjẹ mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Ebi kò ní pa á, àjẹjù ni yóò pa á.”

Ìgò mọ́kànlá ló wà lórí pákó, bẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì gbáko ni Gbádébọ̀ fi lóṣòó níwájú wọn, tí orúnkún rẹ̀ ń ké, tí àwọn oníbàárà ń ré e kọjá, tí kò gbójú sókè. Pupa kan wà níbẹ̀ tó sanra, ikùn rẹ̀ yọ roboto. Ọgọ́ta ọdún ọbẹ̀ jíjẹ dìde nínú akọni, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a! Ó wo ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó wo ọ̀kan tí lẹbẹ rẹ̀ ya, ó fi í sílẹ̀. Ó wá kan ìgò kẹsàn-án, ibi tí ẹja kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó dúdú bí aró, ti ń yí kiri bí onílé tó ń wo ògiri rẹ̀. Ó fi ìka kan gíláàsì. Ẹja náà tẹ́ lẹbẹ rẹ̀ jáde, ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì kọlu ìka náà. Gbádébọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Èyí ni,” ló wí, Ìyáàfin Ráfíátù sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú mọ́tò, ó gbé ọ̀rá omi náà ka itan, ó fi fìlà bò ó, ó ń fi ara gba gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà kó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹja. Obìnrin tó jókòó tì í béèrè pé, “Bàbá, kí lẹ gbé lọ́wọ́ báyìí?” Ó ní, “Ọmọ-ọmọ mi ni.” Obìnrin náà wo ọ̀rá, ó wo ojú rẹ̀, ó sì sún síwájú díẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ogun ti parí? Ìyá onílé ṣì wà láàyè, àkàrà rẹ̀ sì gbóná. Kò sí bí ẹja náà ṣe lè mí kí ẹnu rẹ̀ má là. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Alhaja Múínátù ti ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́, ó ń já àkàrà lọ́nà. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tábìlì, ó bá pátákó kékeré kan lára àpótí, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ: MO Ń GBÀÀWẸ̀. Ẹ ṢEUN.

Ọwọ́ Alhaja dúró lófuurufú. Ó dá àkàrà padà sínú abọ́, ó sì fi ìborùn bo abọ́ náà. “Ọlọ́run á gbà á o,” ló sọ fún ẹja. Ìyàwó Pásítọ̀ béèrè pé ọlọ́jọ́ mélòó ni, Gbádébọ̀ ní ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, obìnrin náà ní, “Háà, ẹja yìí gbìyànjú.” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹun níwájú àpótí mọ́. Ẹnu tó ń là tó ń pa dé yẹn, tí wọ́n ti ń pè ní ebi, wọ́n ní àdúrà ló ń gbà. Alhaja tiẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ní kó bá òun fi ọ̀rọ̀ Nọ́jìmù sí i, ọmọ òun tí kò tíì rí físà gbà.

Mo pe Gbádébọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, “Irọ́ lo ń pa mọ́ ẹja yìí.” Ó wò mí tìyanutìyanu. “Irọ́ bí i ti báwo? Ó ń jẹ sààrì hóró mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń fi mẹ́ta ṣínu nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní ààwẹ̀ ní tìrẹ?”

Báyìí ló ṣe di ọjọ́ tí Ìbídùn máa dé, ọyẹ́ sì fẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí a jà lólè. Gbádébọ̀ ló kan ògiri mi ní òwúrọ̀. “Láoyè, dìde. Ẹja ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.” Mo sáré lọ. Lóòótọ́ ni, ó wà nísàlẹ̀ omi, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mira fẹ́ẹ́, ó sì máa ń dúró kó tó tún mira. Mo ní ká da omi gbígbóná sí i. Ó ní rárá, ìyẹn lójijì á pa á. Ó kó aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ jáde látinú àpótí ìsàlẹ̀, ó fi wé gíláàsì náà. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi wé e. Ó bọ́ bùbá, ó fi lé e. Nígbà tí kò sí aṣọ lára rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó, ó fi apá méjèèjì gbá àpótí náà mọ́ àyà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdérí rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, Ọlọ́run,” ló ń wí. “Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ṣe bá a ní aago mẹ́wàá, tòun ti Móyọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Dádì, kí lẹ ń ṣe?”

Kò gbójú sókè. “Ti ilẹ̀kùn yẹn kíá, atẹ́gùn ń wọlé. Òtútù ń mú un.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“Èmi?” Ó wo apá ara rẹ̀ tí òtútù ti mú kí irun ibẹ̀ dìde, bí ẹni pé apá ẹlòmíì ni.

Àkókò yẹn gan-an ni mo ṣí aṣọ òfì wò, kí n rí i bóyá ká máa múra òkú. Ẹja náà mi ìrù. Ó yí ara padà. Ó gòkè wá sójú omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gba èémí kan, ó tẹ́ lẹbẹ rẹ̀ sílẹ̀ gbàlà, ó rí imú mi lára gíláàsì, ó sì kọlù ú! Mo figbe ta pé, “Ó yè! Ìbídùn, wá wò ó, ó yè!” Ìbídùn kò tilẹ̀ bojú wẹja. Bàbá rẹ̀ ló ń wò, omi sì kún ojú rẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó sọ Móyọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ ní itan.

“Ẹ gbé e mọ́ra,” ló wí. “Ara ẹ̀ gbóná. Á jẹ́ kí ara yín móoru.”

Nítorí náà, kí yàrá mẹ́jọ ilé wa gbọ́, kí àdúgbò gbọ́, kí Ìsẹ́yìn láti ibodè dé ibodè gbọ́ ìkéde tí èmi Láoyè ń ṣe lórúkọ Gbádébọ̀ Àlàó, aṣẹ́gun àrọ̀, ajagunmólú inú àpótí tí kò ju búrẹ́dì méjì lọ, ẹni tó fi àyà kojú ọyẹ́ tí ọyẹ́ fi túúbá: kí ẹnikẹ́ni má gúnyán, kí ẹnikẹ́ni má tan rédíò, kí ẹni tó bá fẹ́ sín jáde lọ sín lójú títì. Móyọ̀ ti sùn lọ lórí àyà bàbá rẹ̀ àgbà láti aago méjìlá. Ẹsẹ̀ bàbá ti kú, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò sì fẹ́ mira.